Ìyàwó Oníbáńjò Tí Kì Í Sọ̀rọ̀

Nígbà tí Hobart Stiltner ń fẹ́ Ardith, ó sọ gbogbo nǹkan nípa ara rẹ̀ fún un. Ó sọ pé ilé ìlagi ni òun ti ń ṣiṣẹ́, pé òun kì í mutí, pé bàbá òun fi ilẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ fún òun lẹ́bàá odò ní Pawpaw Gap. Ohun kan tí kò sọ ni pé báńjò, ohun èlò orin olókùn tó ń ta, ni ìyálé. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣègbéyàwó gan-an ni Ardith fojú ara rẹ̀ rí i. Tí Hobart bá ti ibi iṣẹ́ dé, báńjò ni yóò kọ́kọ́ kí. Yóò nù ún, yóò fetí sí ohùn rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ara rẹ̀ le, kó tó wá béèrè ohun tó wà nínú ìkòkò.

Ardith kò bá a jà. Ilé tí òun ti wá, wọn kì í fi orin ṣeré. Bàbá rẹ̀, Alàgbà Enoch Ratliff, ló ń darí ìjọ Onítẹ̀bọmi àtijọ́ kan lórí òkè, níbi tí wọ́n ti gbà pé ọ̀fun ènìyàn nìkan ni Ọlọ́run dá fún orin. Kò sí dùùrù níbẹ̀, kò sí jìtá, kò sí ohunkóhun tó ní okùn. Alàgbà á pe ìlà orin kan, ìjọ á gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n á fà á gùn bí ẹni ń fa omi nínú kànga jíjìn. Ohùn Ardith dára, ṣùgbọ́n àárín ohùn àwọn ẹlòmíì ló máa ń fi í pamọ́ sí. Ó ga púpọ̀. Láti iléèwé ni wọ́n ti ń bi í léèrè bóyá òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ lókè. Ẹni tí wọ́n bá fi gíga rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ títí, ara rẹ̀ kì í yá láti dìde níbi tí èrò bá pọ̀ sí.

Hobart ní ẹgbẹ́ olórin kan nígbà náà, òun, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, àti ìbátan wọn kan tó ń jẹ́ Delmer. Búlúgíráàsì ni wọ́n ń kọ, orin àwọn ará òkè Virginia, tí ó jẹ́ pé okùn ni gbogbo rẹ̀: báńjò, gòjé, jìtá, mandolíìnì, àti béèsì, ìyẹn gòjé àgbà tó ga ju ènìyàn lọ, tí wọ́n máa ń gbá mọ́ra ta bí ẹni ń bá àna rẹ̀ tó sanra jó. Delmer ló ń ta béèsì. Nígbà tó yá, òun náà lọ sí Ohio láti lọ máa to mọ́tò ní ilé iṣẹ́ ńlá, bí gbogbo ọ̀dọ́ òkè yẹn ṣe ń lọ, ó sì gbé béèsì rẹ̀ dání. Hobart kò jẹun dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan. Èèyàn lè rò pé ó ń ṣọ̀fọ̀.

Lọ́dún yẹn, ó ti ṣèlérí ẹ̀rọ ìfọṣọ fún Ardith. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, ó wọkọ̀ lọ sí ìlú. Nígbà tí Ardith gbọ́ tí ọkọ̀ ń bọ̀, ó sáré jáde, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún ọṣẹ. Nǹkan ràbàtà kan ló sùn lẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n fi kúbùsù wé e.

Ó ní, "Hobart, ẹ̀rọ ìfọṣọ yìí mà gùn o."

"Béèsì ni."

"Ta ló fẹ́ ta á?"

Hobart wò ó láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí. Ó rọra sọ ọ́, nítorí ó mọ̀ pé orí ilẹ̀ yíyọ̀ ni òun dúró sí. "Mo ti wo gbogbo àdúgbò yìí tán, Ardith. Ìwọ nìkan lo ga tó."

Ardith kò mọ̀ bóyá kí òun bínú ni tàbí kí òun rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, àfi kó báni gbé nǹkan lórí pẹpẹ, ẹnikẹ́ni kò tíì rí ìwúlò gíga rẹ̀ rí. Ó padà wọlé lọ parí aṣọ tó ń fọ̀. Aṣọ ọdún náà àti ti ọdún tó tẹ̀lé e, ọwọ́ ló fi fọ̀ ọ́.

Ilé ìdáná ni béèsì ń gbé, nítorí òun nìkan ni yàrá tí àjà rẹ̀ gbà á. Tí ẹ̀wà bá ń hó lọ́wọ́, Ardith á dìde lọ bá a. Ìka rẹ̀ lé ròrò, ó bẹ́, ó tún lé. Hobart ni olùkọ́, ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò sì gùn.

"Iṣẹ́ béèsì ò le," ni Hobart wí. "Kó o ṣáà dúró síbi tó yẹ kó o wà, kó o má sì kúrò níbẹ̀, bó ti wù kí àwọn yòókù máa sáré kiri."

Ardith dá a lóhùn pé, "Ohun tí mo ti ń ṣe nìyẹn látọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọ."

Lọ́jọ́ kan, Alàgbà Enoch wá kí wọn. Ó rí nǹkan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Ó wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

"Kí nìyẹn, Ardith?"

"Béèsì ni, Bàbá."

"Wọ́n lè sin èèyàn sínú ẹ̀."

"Ẹ jókòó kẹ́ ẹ jẹun, Bàbá."

Alàgbà jókòó, ó jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo, ó bu kún un, kò sì dárúkọ béèsì mọ́ títí tó fi lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn Stiltner bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin lórí rédíò ní àràárọ̀ Sátidé, aládùúgbò kan wá sọ fún Ardith pé Alàgbà ti ra rédíò kékeré kan. Inú ọkọ̀ ló ń gbé e sí. Ibẹ̀ ló máa ń jókòó sí pẹ̀lú fèrèsé títì pa, tí ẹnikẹ́ni bá sì ká a mọ́ ibẹ̀, á ní ìròyìn nípa ojú ọjọ́ ni òun ń gbọ́.

Ọdún ń yí lu ọdún. Àbúrò Hobart ní orin kò bọ́ òun, ó gba ibi ìwakùsà èédú lọ. Hobart kò wá olórin mìíràn dípò rẹ̀, inú ilé ara rẹ̀ ló ti bí wọn. Bí ọmọ kan bá ti lè di nǹkan mú, nǹkan olókùn ni Hobart á tì sí i lọ́wọ́. Reva, àkọ́bí, gba mandolíìnì, ohùn rẹ̀ sì lọ sókè bí ẹyẹ. Lonnie gba gòjé. Wọ́n di Ìdílé Stiltner. Wọ́n ra bọ́ọ̀sì iléèwé ògbólógbòó kan, Hobart kùn ún ní búlúù, ṣùgbọ́n ọ̀dà kò fi bẹ́ẹ̀ bo orúkọ iléèwé náà. Ní òwúrọ̀, àwọn ọmọdé tó ń dúró lẹ́bàá ọ̀nà máa ń nawọ́ sí wọn. Lẹ́ẹ̀kan, ọmọ kan gùn ún wọlé, ó jókòó jẹ́ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ báńjò, kó tó fura pé àwọn tó yí òun ká ti dàgbà jù.

Wọ́n ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní àjọ̀dún oko, ní iwájú ilé ìtajà oúnjẹ ẹran ọ̀sìn. Wọ́n mọ iṣẹ́ wọn. Àléébù kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni ẹnu Hobart. Láàárín orin kan sí èkejì, ó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, bí ó bá sì ti bẹ̀rẹ̀, èèyàn lè lọ sílé lọ da màlúù sínú pápá kó tó padà wá bá a níbẹ̀. Ìtàn ìbaaka bàbá rẹ̀ ló fẹ́ràn jù. Ó ní orin báńjò òun dùn débi pé ìbaaka yẹn máa ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti jókòó gbọ́ ọ. Gbogbo àfonífojì yẹn ló mọ ìtàn náà sórí, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín sí i nítorí ìwà ọmọlúàbí.

Ardith ní tirẹ̀, ẹ̀yìn ni ó ń dúró sí, ojú rẹ̀ kò yí padà, ẹnu rẹ̀ pa dé. Tí ó bá ti gbe orin, ó tán nìyẹn. Ó dúró jẹ́ẹ́ débi pé ní ṣọ́ọ̀ṣì kan, obìnrin onínúure kan di ọwọ́ rẹ̀ mú lẹ́yìn orin, ó sún mọ́ ọn létí, ó sì sọ̀rọ̀ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń bá adití sọ̀rọ̀: "Ọlọ́run. Máa. Bù kún ọ." Ardith dúpẹ́. Obìnrin náà yọ̀ pé adití náà gbọ́.

Ọdún tí Lonnie bẹ̀rẹ̀ sí í fá irùngbọ̀n ni wọ́n rí ìpè sí àjọ̀dún orin ní Hickory Bottom, ní ẹ̀gbẹ́ Tennessee. Hobart ti ń tọrọ àyè níbẹ̀ láti ìgbà tí Lonnie kò tíì lè so okùn bàtà. Wọ́n gbéra ní òwúrọ̀. Bí bọ́ọ̀sì ṣe ń gun òkè tó kẹ́yìn báyìí, ó hó, ó tú èéfín, ó sì dúró. Hobart ṣí iwájú rẹ̀, ó ń wo ẹ́ńjìnì bí ẹni tí wọ́n gbé ìwé èdè àjèjì fún. Àgbẹ̀ kan tó dé fìlà pupa wá dúró pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀. Clete Hensley ni orúkọ rẹ̀.

Nígbà tí Clete gbọ́ ibi tí wọ́n ń lọ, ó ní, "Ibi àjọ̀dún yẹn lèmi náà ń lọ. Àyè ẹnì kan ló wà níwájú. Koríko màlúù ló wà lẹ́yìn, ṣùgbọ́n nǹkan gígùn kan lè sùn lé e."

Hobart rò ó wò. "Ardith, ìwọ àti béèsì ẹ máa lọ. Òun ló nira láti gbé. Ọ̀gbẹ́ni yìí á padà wá kó àwa yòókù."

"Kíá báyìí ni," ni Clete wí.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, èrò ti jókòó sórí àga tí oníkálukú gbé wá láti ilé. Obìnrin tó ń ṣètò ìtàgé, Arábìnrin Oneida Pruitt, sáré pàdé Ardith.

"Àwọn Stiltner dà?"

"Èmi rèé, mà."

"Ìwọ nìkan ni ìdílé?"

"Wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn."

"Àwọn tó kàn lẹ́yìn yín ti ń tún okùn wọn ṣe," ni Oneida wí. "Bí ẹnì kan nínú yín ò bá gorí ìtàgé báyìí, àyè yín ti lọ nìyẹn, n kò sì lè dá a padà."

Ardith wo ẹ̀yìn, kò rí ẹnikẹ́ni tí òun lè fi ara pamọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ro ti Hobart, ó ro gbogbo ọdún tó ti fi ń tọrọ àyè yìí. Ó gbé béèsì, ó gòkè. Ó dúró níwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohun tó mọ̀: dùùm, dùùm, dùùm. Èrò ń retí pé kí orin bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan húkọ́.

Ìgbà náà ni ẹnu rẹ̀ ṣí fúnra rẹ̀. "Èyí tí ẹ ń gbọ́ yìí," ló wí, "ìdajì orin ni. Ìdajì kejì wà lójú títì, ó ń bá bọ́ọ̀sì jà."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ardith gbójú sókè, ojú rẹ̀ sì kan fìlà pupa kan ní ìlà kejì. Clete ni. Ó ti jókòó dáadáa, ó na ẹsẹ̀, ó ń jẹ àgbàdo sísun.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọ̀gbẹ́ni tó dé fìlà pupa yẹn," ni Ardith wí. "Òun ló ní òun ń padà lọ kó ọkọ mi àtàwọn ọmọ mi kíá."

Gbogbo orí yí sí Clete. Àgbàdo dúró sí i lẹ́nu. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dìde.

"Jókòó, Ọ̀gbẹ́ni Clete. Jẹ àgbàdo ẹ tán. Látìgbà tí mo ti délé ọkọ ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkọ mi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo máa sọ tèmi rèé. Má kánjú rárá."

Ẹ̀rín bú. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àwọn ọkọ wọn wá tẹ̀lé wọn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú Ardith, kò lè ṣàlàyé rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá yọ èdídí lẹ́nu ìgò. Ó ta béèsì díẹ̀, ó tún sọ̀rọ̀ díẹ̀.

Ó ní, "Ọkọ mi á sọ fún yín pé ìbaaka bàbá òun máa ń jókòó gbọ́ báńjò òun. Èmi wà níbẹ̀. Ìbaaka yẹn ò jókòó. Ó dùbúlẹ̀ ni, ó na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì díbọ́n bí òkú títí báńjò fi dákẹ́. Nígbà tó yá, a tà á fún ọkùnrin kan tí kò ní nǹkan olókùn kankan nílé. Ọjọ́ tó ń lọ, kò bojú wẹ̀yìn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀, Hobart kò sì tíì dé. Ardith fi àtẹ́lẹwọ́ pa àwọn okùn béèsì lẹ́nu mọ́. Orin ìsìnkú kan tí wọ́n ń kọ nínú ìjọ bàbá rẹ̀ ló gbé, láìsí okùn, láìsí ẹnikẹ́ni tó gbè é. Ó fà á gùn bí wọ́n ti kọ́ ọ. Ohùn tó ti ń fi pamọ́ láti ìgbà èwe jáde tán. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu èrò. Nígbà tó dé ìlà kẹta orin náà, àwọn arúgbó kan tí wọ́n mọ irú orin bẹ́ẹ̀ láti ìlú tiwọn bẹ̀rẹ̀ sí í fà á pẹ̀lú rẹ̀. Clete ṣí fìlà. Nígbà tí orin parí, òun ni ó kọ́kọ́ dìde, ó sì fi ọkọ̀ sáré lọ síbi òkè bí ẹni tí ẹ̀rí ọkàn ń lé.

Kò pẹ́ tí Hobart fi gorí ìtàgé pẹ̀lú òógùn lójú, koríko màlúù lórí ẹ̀wù, Reva àti Lonnie lẹ́yìn rẹ̀. Oneida ti fún wọn ní àyè orin mẹ́ta. Àtẹ́wọ́ tí èrò fi pàdé wọn pọ̀ ju èyí tí Hobart ti gbọ́ rí láyé rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó súnmọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Bàbá mi ní ìbaaka kan," ló wí.

Gbogbo pápá yẹn wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Hobart kò tíì sọ gbólóhùn kejì. Ó wo bàtà rẹ̀, ó wo bọ́tìnnì rẹ̀, ó fọwọ́ kan ṣòkòtò rẹ̀ bóyá ó ti ya. Ó wo Ardith. Ardith ti padà sí ẹ̀yìn, ojú rẹ̀ kò yí padà, ẹnu rẹ̀ pa dé.

Ẹ́ńjìnì bọ́ọ̀sì tutù, wọ́n gbéra padà sílé. Bí wọ́n ṣe kọjá odò, Hobart bi Ardith léèrè.

"Ta ló sọ fún wọn nípa ìbaaka?"

"Ta ló ń béèrè?" ni Ardith fèsì.

"Ardith."

"Èmi ni. Mo kàn tún un ṣe díẹ̀ ni."

Lonnie bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn ọkọ̀, Reva sì fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. Reva ní, "Dádì, ẹ má bínú. Àwọn èèyàn ní Mọ́mì dáa gan-an."

"Ta ló ń bínú?" ni Hobart wí. Ó bínú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ohun tó bà á nínú jẹ́ jù ni tẹlifóònù. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn onílé ìgbafẹ́ tí wọn kò pè é rí bẹ̀rẹ̀ sí í pè, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn sì ń bi í: ṣé obìnrin gíga yẹn á sọ̀rọ̀? Níkẹyìn, ó wá bá Ardith nílé ìdáná, ó ń wo inú ìkòkò bí ẹni pé ẹ̀wà ni òun ń bá sọ̀rọ̀.

"Wọ́n ní kó o sọ̀rọ̀ díẹ̀."

"Kí ni màá sọ?"

"Ohun tó o bá fẹ́. Ṣùgbọ́n fi ìbaaka sílẹ̀ fún mi."

"Ìbaaka ti di tèmi," ni Ardith wí. "Mo fi ìtàn Delmer sílẹ̀ fún ẹ."

Bẹ́ẹ̀ ni ìdílé náà ṣe rí ohun tí wọ́n ń wá. Hobart á bẹ̀rẹ̀ ìtàn, Ardith á já a gbà láti ẹ̀yìn béèsì, Hobart á bínú, àwọn èèyàn á máa rẹ́rìn-ín. Ní ọdún àkọ́kọ́, ìbínú òótọ́ ni. Ní ọdún kejì, ó ti mọ̀ pé ìbínú òun ni wọ́n ń sanwó wò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é dáadáa. Wọ́n gbé orin jáde lórí àwo, wọ́n lọ sí Kentucky, wọ́n lọ sí Carolina, wọ́n dé ọ̀dọ̀ Delmer ní Ohio, Delmer sì jókòó níwájú, ó gbọ́ gbogbo ohun tí Hobart sọ nípa rẹ̀.

Reva ló mú ìdààmú míì wá. Ó bá bàbá rẹ̀ lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé, ó ní òun rí ẹni tí òun fẹ́, Darrell Fugate ni orúkọ rẹ̀.

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Olórin ni, Dádì."

Ojú Hobart tàn. "Kí ló ń ta?"

Reva wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wo òkè.

"Kì í ta á, sà. Ó ń lù ú ni. Onílù ni."

Hobart jókòó. Nínú orin tirẹ̀, ìlù kò gbọdọ̀ wọlé. Okùn fúnra rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ ìlù. Ì bá sàn kí Reva ti sọ pé ẹlẹ́wọ̀n ni ẹni náà. "Ṣé kò lè fi í sílẹ̀?" ló béèrè. "Wọ́n ní àwọn oníṣègùn ìlú ńlá lè ran irú wọn lọ́wọ́."

Ardith ló yanjú ẹ̀. Ó ti ṣàkíyèsí pé bọ́ọ̀sì ń tutù bí Darrell bá fọwọ́ kàn án. Wọ́n ṣègbéyàwó, Darrell di awakọ̀ àti mẹkáníìkì ìdílé. Kò lu ìlù lórí ìtàgé wọn rí. Ṣùgbọ́n sítíárì ni ó ń fi ìka lù láti Pawpaw Gap dé ibikíbi tí wọ́n bá ń lọ, Hobart á sì máa pariwo láti ẹ̀yìn pé kó dẹ́kun àṣàkaṣà yẹn. Lọ́jọ́ kan tí Darrell dákẹ́ nítorí ọwọ́ ń dùn ún, Hobart ni ó béèrè pé kí ló dé tí ọ̀nà fi gùn báyìí.

Lonnie lọ sí Nashville nígbà tó yá, ó ń ta gòjé lẹ́yìn àwọn tí orúkọ wọn tóbi. Ọjọ́ tó lọ, Ardith dì í mọ́ra, kò sì fi í ṣe ẹ̀fẹ̀. Hobart ní òun ń lọ wo ògiri ọgbà tó ti yẹ̀, kò sì sí nǹkan kan tó ṣe ògiri náà. Lẹ́yìn ìyẹn, aromọléegun dé sí ìka Hobart. Ó bá a jà títí, ṣùgbọ́n báńjò kì í gba ẹ̀bẹ̀. Fún ìgbà kan, kò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni. Ardith ló ń nu báńjò fún un ní alaalẹ́, tí ó ń jókòó tì í, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kí òun tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀fẹ̀.

"O mà ti dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko," ni Ardith wí níkẹyìn. "Àwọn aládùúgbò ti ń béèrè bóyá mo ti pa ọ́."

Hobart kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín.

Ní báyìí, gbọ̀ngàn àwọn panápaná ní Pawpaw Gap ni wọ́n ti ń kọrin ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ọmọ Reva obìnrin ló ń ta báńjò, ó sì ń sáré jù, gẹ́gẹ́ bí bàbá àgbà rẹ̀ ṣe ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́. Irun Ardith ti funfun, ó ti tẹ̀ díẹ̀, béèsì kò tẹ̀. Wọ́n fún Hobart ní iṣẹ́ ẹnu ọ̀nà, kó máa kí àwọn èèyàn wọlé. Ó ń kí wọn. Ó ń béèrè ìyá wọn, ó ń béèrè màlúù wọn, ó ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn tí kò lópin. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìlà àwọn tó fẹ́ wọlé ti gùn dé ojú títì, ó ń lọ sí ọ̀nà afárá.

Ardith yọjú láti orí ìtàgé, ó wò ó títí.

"Hobart," ló pè é, "jẹ́ kí àwọn èèyàn wọlé."

"Mò ń bọ̀, mo fẹ́ parí ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀gbẹ́ni yìí."

Ardith yíjú sí ọmọ ọmọ rẹ̀, ó mi orí sí i, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ orin.